Bí Mo Ṣe Fi Iyanrìn Sẹ́ Omi Odò Mu

Nígbà tí mo pinnu láti lo oṣù méjì lóko bí ẹni pé ayé ti dojú rú, pé kò síná, kò sọ́jà, kò sí ọkọ̀, irúgbìn àti ọkọ́ ni mo kọ́kọ́ kó jọ. Mo rò pé ebi ni màá bá jà. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí mo fi mọ̀ pé omi ni olórí ọ̀rọ̀. Odò wà nítòsí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran ń wọ inú rẹ̀, àgbàrá sì ń dà á rú.

Mo kọ́kọ́ ń sè é. Tí omi bá ti hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn ti kú. Àmọ́ igi! Mo ń ṣẹ́gi ju bí mo ṣe ń roko lọ. Mo rọ omi sínú ìgò ike tí a lè rí inú rẹ̀, mo sá a sóòrùn fún wákàtí 6 kí oòrùn lè pa kòkòrò inú rẹ̀. Ìyẹn dára, bí omi bá tòrò. Tèmi kò tòrò.

Ni mo bá rántí Hamburg, ní Jámánì. Lọ́dún 1892, onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 8,000 níbẹ̀. Altona tó fara kàn án, odò Elbe kan náà ni wọ́n ń mu, nísàlẹ̀ ibi tí ìdọ̀tí Hamburg ń ṣàn gbà pàápàá, síbẹ̀ àìsàn náà kò jà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni wọ́n fi ń sẹ́ omi tiwọn.

Mo wá dúrọ́ọ̀mù ike kan. Mo ki páìpù sí ìdí rẹ̀, mo gbé e gba ẹ̀yìn gòkè, mo sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ojú iyanrìn lọ, kí omi má baà fi iyanrìn sílẹ̀ láé. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀, iyanrìn gbàǹgbà tẹ̀ lé e, èyí tó kúnná wá wà lókè, ó jìn ju ìdajì mítà lọ.

Fífọ iyanrìn yẹn ló gba ẹ̀mí mi. Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi sú mi, mo ní ó ti tó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni omi fi ń jáde funfun bí omi ẹfun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ mi bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé ilẹ̀ lẹ fi ń fọ omi ni?" Mo kó gbogbo rẹ̀ dà síta, mo tún un fọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń bu díẹ̀ sínú ìgò, mo ń pọn omi lé e, mo ń mì í. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ tí mo ṣì rí i pé ó rú lórí, mo padà sídìí fífọ̀.

Bí mo ṣe ń da omi sí i, ó ń gbẹ́ kòtò sójú iyanrìn. Mo fi ìṣó gbígbóná lu abọ́ ike kan ní ihò, mo gbé e lé e lórí. Ó parí.

Ó wá ku ìdúró. Nǹkan kan máa ń yọ̀ sójú iyanrìn, àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń jẹ kòkòrò inú omi. Ó lè tó ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó gbó. Lọ́sẹ̀ kẹta, páìpù yọ lóru, omi gbẹ mọ́ iyanrìn lójú, gbogbo wọn kú. Ó dùn mí gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kìíní.

Èyí tí a ó mu, mo ṣì ń sè é, torí iyanrìn kì í mú gbogbo kòkòrò tán. Ti ìwẹ̀ àti abọ́ fífọ̀ kò rí iná mọ́, igi sì dínkù lọ́rùn mi. Lọ́jọ́ tí omi tòrò, ọmọ náà gba ife, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó ní, "Bọ̀dá, kò rùn ilẹ̀ mọ́."