Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Ètò Ìṣúná Ìjọba Àpapọ̀ Kí Ó Tó Kan Àpò Yín

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ètò ìṣúná tírílíọ̀nù náírà 21.83. Owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù 3.36, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n sì ṣírò rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu wá kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé owó ìrànwọ́ ti kásẹ̀ ńlẹ̀, tí jálá epo kan sì fò láti nǹkan bí náírà 190 kọjá 480, ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé àjálù òjijì ni. Kì í ṣe òjijì. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti wà lákọsílẹ̀. Awakọ̀ tó bá ti kà á, ìyá oníbúrẹ́dì tó bá ti kà á, ìbá ti mọ oṣù tó yẹ kó tún owó ọkọ̀ tàbí owó ọjà rẹ̀ ṣírò.

Ìwé wo lẹ mú dání?

Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà lórí ìkànnì Budget Office, budgetoffice.gov.ng. Kí ẹ tó kà á, ẹ wò ó bóyá àbá ni tàbí òfin tí Ààrẹ ti buwọ́ lù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe kékeré: àbá ìṣúná 2025 tí Ààrẹ gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin ní oṣù kejìlá 2024 kò tó tírílíọ̀nù 50, ṣùgbọ́n èyí tó buwọ́ lù ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2025 jẹ́ 54.99. Ẹni tó bá ń fi àbá jiyàn, iyàn tó ti kú ló ń jà.

Iye àpapọ̀ ni ìròyìn máa ń pariwo rẹ̀ jù, òun náà ló sì wúlò kéré jù fún ará ilé. Ẹ ṣe ìṣirò yìí. Ìṣúná 2024 tí wọ́n kọ́kọ́ buwọ́ lù jẹ́ tírílíọ̀nù 28.78, náírà 800 sí dọ́là kan ni wọ́n sì gbé e lé. Ti 2025 jẹ́ 54.99, náírà 1,500 sí dọ́là ni wọ́n gbé tirẹ̀ lé. Bí ẹ bá pín in, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 36, èkejì kò sì tó 37. Náírà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, agbára owó náà kò kúrò lójú kan.

Epo rọ̀bì, dọ́là àti gbèsè

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá ni ohun tí wọ́n gbé ìṣirò lé. Fún 2025, mẹ́ta ló ṣe kókó: dọ́là 75 fún àgbá epo rọ̀bì kan, àgbá mílíọ̀nù 2.06 lójúmọ́, àti náírà 1,500 sí dọ́là. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, kí ẹ máa fi wọ́n wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù. Dọ́là kan péré tó bá já lórí àgbá kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 750 lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti ìjọba, torí àwọn iléeṣẹ́ awapo ní ìpín tiwọn. Ní oṣù kẹrin 2025, owó epo já sí ìsàlẹ̀ dọ́là 70 lọ́jà àgbáyé.

Bí owó tó wọlé kò bá tó, gbèsè àti owó oṣù ni ìjọba kọ́kọ́ ń san. Gbèsè nìkan gba tírílíọ̀nù 14.32 nínú ìṣúná 2025, ìyẹn ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ. Iṣẹ́ àkànṣe ló máa ń dúró: títì, ilé ìwòsàn, omi ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sún iṣẹ́ àkànṣe ọdún 2024 síwájú wọnú 2025. Bí ẹ bá jẹ́ bíríkìlà, agbaṣẹ́ṣe tàbí ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, apá tó kan yín jù nìyí. Ẹ má ṣe fi owó tí ìjọba kò tíì tú sílẹ̀ rajà àwìn.

Ìyókù tí owó kò kájú, yíyá ni wọ́n ń yá a. Báńkì tó lè gba èlé gidi lọ́wọ́ ìjọba láìlàágùn kò ní fi ẹ̀dínwó yá oníṣòwò kékeré lówó. Nítorí náà, ìlà tó sọ iye tí ìjọba fẹ́ yá kan ẹni tó ń wá owó òwò.

Ẹ tún wá gbogbo ibi tí owó ìrànwọ́ bá wà, kí ẹ wo bóyá ó pé ọdún. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ lórí iná mànàmáná àwọn oníbàárà Band A (àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́) ní oṣù kẹrin 2024, láti náírà 68 ni kílówáàtì-wákàtí kan ti fò sí 225.

Ẹni tó ń gba owó oṣù

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wo ibi méjì. Ọ̀kan ni ìlà “Personnel Cost” lábẹ́ iléeṣẹ́ tirẹ̀. Èkejì ni “Service Wide Votes”, níbi tí wọ́n ń kó owó àfikún owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì pọ̀ sí. Òfin owó oṣù tó kéré jù, náírà 70,000, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2024, sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa tún un gbé yẹ̀ wò. Bí àsìkò bá tó, tí kò sí owó kankan fún un nínú ìṣúná, ẹ mọ̀ pé àríyànjiyàn ló kù. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní tiẹ̀, ìṣúná ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kó lọ kà.

Ní ti owó orí, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Owó orí kò sí lórí 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ẹ ń gba 150,000 lóṣù, ìyẹn mílíọ̀nù 1.8 lọ́dún. Ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì ìdá 8, tó jẹ́ 144,000. Bí owó ilé yín bá jẹ́ 300,000, ẹ yọ ìdá 20 rẹ̀, 60,000 (òfin kò gbà kó ju 500,000 lọ). Ó ku 1,596,000. Ẹ yọ 800,000 kúrò, kí ẹ wá ìdá 15 nínú 796,000 tó kù: 119,400 lọ́dún, 9,950 lóṣù. Bí èyí tí wọ́n ń yọ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé owó ilé yín kò tíì dé ọwọ́ akọ̀wé owó níbi iṣẹ́ yín. Ẹ mú rìsíìtì lọ.

Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì àti ẹni tó ń bọ̀ wá fẹ̀yìn tì

Àwọn tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́ (èyí tí òṣìṣẹ́ kì í dá owó sí), tí àjọ ìjọba PTAD ń sanwó fún, inú ìṣúná gan-an ni owó wọn ti ń jáde lóṣooṣù. Abala 173 òfin ìpìlẹ̀ sọ pé kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún tàbí nígbàkúùgbà tí owó oṣù bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Abẹ́ rẹ̀ ni àfikún 32,000 ti wáyé lẹ́yìn owó oṣù 70,000. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí kì í ṣe owó. Ọdún tí owó náà bá hàn nínú ìṣúná ni kí ẹ máa retí rẹ̀. Kí ẹ má sì gbàgbé ìdánilójú “I Am Alive”, tí ẹ fi ń fi hàn pé ẹ ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò bá ṣe é, owó rẹ̀ lè dúró láìjẹ́ pé ìṣúná ṣẹ̀ ẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí òfin ìfẹ̀yìntì 2004 tó dé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó sí, ní owó ọdún àtijọ́ tí ìjọba jẹ ẹ́. Òfin ní kí ìjọba máa fi ó kéré tán ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú àpò kan ní Báńkì Àpapọ̀ fún un. Ní ọdún tí wọ́n bá kọ iye tó kéré síbẹ̀, tàbí tí wọn kò tú u sílẹ̀, ẹni tó fẹ̀yìn tì yóò jókòó sílé láìrí nǹkan gbà. Gbèsè yìí pọ̀ débi pé ní oṣù kejì 2025 ìjọba fọwọ́ sí yíyá bílíọ̀nù 758 láti fi san án. Bí ó bá ku ọdún méjì kí ẹ fẹ̀yìn tì, ìlà yìí ni kí ẹ máa wò lọ́dọọdún.

Òṣìṣẹ́ aládàáni kò ní owó nínú ìṣúná, àmọ́ ju ìdajì owó ìfẹ̀yìntì wa lọ ló wà nínú gbèsè tí ìjọba yá. Ẹ fi èlé tí àkántì ìfẹ̀yìntì yín ń mú wọlé wé bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Bí ọjà bá yára ju èlé lọ, owó yín ń dín kù bó tilẹ̀ ń pọ̀ lójú. Lórí owó oṣù 150,000 yẹn, owó ìfẹ̀yìntì 12,000 ni tiyín, 15,000 ni ti agbanisíṣẹ́. 27,000 ló gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ iṣẹ́ méje tó pé lẹ́yìn tí wọ́n san owó oṣù. Ẹ béèrè ìwé àkántì lọ́wọ́ PFA yín (iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín) lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Bí owó kò bá wọlé, ẹ fi ìwé àkántì yẹn àti ìwé owó oṣù ránṣẹ́ sí PenCom, àjọ tó ń bójú tó ètò ìfẹ̀yìntì. Òfin fàyè gba ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí agbanisíṣẹ́ kò san, fún oṣù kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí wọ́n kọ àti èyí tí wọ́n san

Iṣẹ́ tó wà nínú ìwé lè má dé àdúgbò yín. Ẹ wá orúkọ ìlú yín nínú fáìlì PDF náà, kí ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, kóòdù rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó ni ín lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011. Ẹ béèrè iye tí wọ́n tú sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ sì lè fẹnu béèrè, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá a kọ ọ́. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà ni ọjọ́ méje tí òfin fún wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá fèsì, ẹ ní 30 ọjọ́ láti gba ilé ẹjọ́ lọ.