Ẹ Yé Fi Lọ́fíńdà Olóòórùn Àtíkè Ṣòfò

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ta lọ́fíńdà, kò sì sí èyí tí àwọn oníbàárà ń dá padà fún mi bí èyí tó ń ta òórùn òdòdó funfun bíi jásímìnì, tó sì ní òórùn àtíkè. Èyí tí wọ́n ń béèrè jù ni Narciso Poudrée, tí Narciso Rodriguez gbé jáde ní 2016. Jásímìnì àti róòsì ló wà lójú rẹ̀, igi kédárì àti gbòǹgbò koríko vetiver wà nísàlẹ̀, másìkì, èròjà olóòórùn rírọ̀ tó máa ń pẹ́ lára, sì gbá gbogbo wọn mọ́ra. Tó bá jókòó sára tán, ó dà bí ọrùn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún, tí wọ́n fi àtíkè pa. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń dà á nù.

Àkọ́kọ́, ẹ má rà á torí pé ẹ gbóòórùn rẹ̀ lára pépà. Ooru ara ni másìkì ń fẹ́. Ẹ fín in sí ọrùn ọwọ́, ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí 2.

Èkejì, ẹ má fi ọwọ́ kan gbo ìkejì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: "Àǹtí, kò pẹ́ lára mi, ayédèrú lẹ tà fún mi." Ó pẹ́ o! Ó ti mọ́ imú yín lára ni. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ẹbu kì í gbóòórùn epo mọ́. Èròjà másìkì wúwo, kì í yára fò lọ, ara ló ń rọ̀ mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí imú wọn kò gbọ́ oríṣi másìkì kan rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, bẹ́ẹ̀ ara wọn le koko. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, obìnrin kan gbé ìgò rẹ̀ dé, ó gbé e kalẹ̀ gbà lórí tábìlì mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mi ò tíì fèsì tí ìyá tó ń ta òwú ní ṣọ́ọ̀bù kejì fi yọjú, ó ní, "Ta ló pa àtíkè tó dùn báyìí?" Ara ìborùn obìnrin náà ló ti ń wá. Àná ló ti fín in sí i.

Ẹni tí kò bá gbọ́ òórùn ara rẹ̀ mọ́ á wá máa fín kún un. Èmi náà ṣe é rí. Mo fín in lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, mo wọ bọ́ọ̀sì Ìbàdàn tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀ pa. A kò tíì dé Ṣàgámù tí aláboyún tó jókòó tì mí fi ń bẹ dírẹ́bà kó dúró. Ó tẹ̀ ba létí títì, ó di ikùn mú, ó ń bì. Èmi ni mo ń bu omi ọ̀rá sí i lójú, ojú sì ń tì mí gidi. Láti ọjọ́ náà, mi ò fín ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ẹ má fín in sára tó ti gbẹ nígbà ọyẹ́; ẹ kọ́kọ́ fi ìpara tí kò lóòórùn pa á.

Ẹ má sì rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo olóòórùn àtíkè. Nínú lọ́fíńdà Chanel No. 19 ti ọdún 1970, gbòǹgbò òdòdó iris ló mú àtíkè wá, èyí tí wọ́n ń gbẹ fún ọdún bíi mélòó kan kí òórùn rẹ̀ tó jáde. Ìyẹn tutù, ó sì le díẹ̀. Ti másìkì rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe gbé e lọ òde àríyá, kí ẹ wá máa retí kí tábìlì kejì béèrè orúkọ rẹ̀. Láàárín èéfín igi ìdáná àti òróró olóòórùn líle àwọn ará Lárúbáwá, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ẹni tó bá dì mọ́ yín ló ni ín. Alẹ́ lèmi máa ń fín tèmi, lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ọmọ mi tó wá gbé orí lé mi láyà, kó ní, "Màámi, ẹ ń ta sánsán," kí oorun sì gbé e lọ.