Ẹsẹ̀ FR-S yín: ibi tó yẹ kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ bá fẹ́ kó máa wọ kọ́nà dáadáa

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Scion FR-S, abí Toyota GT86, abí Subaru BRZ ti 2012 sókè, nǹkan tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé kóun rẹ mọ́tò yẹn sílẹ̀ títí táyà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú fẹ́ńdà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Mọ́tò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́, orúkọ ló yàtọ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó máa ń dùn mí tí mo bá rí èyí tí wọ́n ti fi owó ńlá bà jẹ́. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, ìyẹn sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àtàwọn ààmù tó di táyà mú, ò ju ẹyọ kan lọ, kó jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ pẹrẹsẹ sórí títì, yálà ẹ wà nínú kọ́nà ni o, abí ẹ tẹ bíréèkì, abí ẹ kó sí gálọ́ọ̀pù. Torí náà ohunkóhun tẹ́ẹ bá fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó máa jẹ́ kí táyà tẹ ilẹ̀ sí i.

Ilé iṣẹ́ ti ṣe tiwọn. Mọ́tò yìí fúyẹ́, bíi 1,250 kg péré, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sùn sílẹ̀ torí pé boxer ni, ìyẹn èyí tí písítìnì ẹ̀ dùbúlẹ̀ sápá ọ̀tún àti òsì, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ double wishbone, ìyẹn ni pé ààmù wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ti iwájú jẹ́ MacPherson strut, ìyẹn ni pé ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ ló di orí táyà mú lókè. Ẹ fi ti iwájú yìí sọ́kàn, a ṣì máa padà sórí ẹ̀.

Kẹ́ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wo èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ jáàkì ẹ̀, ẹ fi sítáǹdì gbé e dúró (ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e, mo bẹ̀ yín), kẹ́ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kẹ́ẹ mì í. Tó bá ń mì, bíárìn abí báàlì jọ́ìntì ti lọ nìyẹn. Ẹ tún di í mú lọ́tùn-ún lósì, tó bá mì níbẹ̀, tai rọ́ọ̀dù ni kẹ́ẹ wò. Ẹ wo búṣìn (rọ́bà ìdí) lọ́wà ààmù, ìyẹn apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ bọ́dì, bóyá ó ti ya, ẹ wo linkage (ọ̀pá kékeré tó so irin sway bar mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò), ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì bóyá ọ́ìlì ti ń sun jáde. Ṣọ́ọ̀kì olówó ńlá lórí búṣìn tó ti ya, owó ti wọ omi.

FR-S tòkunbọ̀ tó ti gbá nǹkan rí ní Amẹ́ríkà wà níta, wọ́n á ti kùn ún kó máa dán, ojú ò lè rí i. Ẹ gbé e lọ síbi alignment (ibi tí wọ́n ti ń wọn bí táyà ṣe dúró) tó ní kọ̀ǹpútà kí wọ́n tẹ ìwé ẹ̀ jáde fún yín. Tí káńbà (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú abí síta) táyà iwájú ọ̀tún bá fi bíi digirì kan yàtọ̀ sí ti òsì, nǹkan kan ti tẹ̀ níbẹ̀, yálà strut ni abí nọ́kù (irin tí bíárìn táyà jókòó sí), ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a rí kẹ́ẹ tó ṣe nǹkan míì.

Lẹ́yìn ìyẹn, táyà. Èyí tó bá mọ́tò yìí wá láti ilé iṣẹ́ ni Michelin Primacy HP 215/45R17, irú ẹ̀ kan náà tí wọ́n fi sí àwọn Prius kan, ó sì nídìí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kí mọ́tò máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí awakọ̀ lè gbádùn ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń sáré burúkú. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kó dì mọ́ ilẹ̀ lẹ́ ń wá, kò sí nǹkan tẹ́ẹ lè rà tó máa ṣe tó táyà gidi, bíi Pilot Sport 4 ní sáìsì yẹn kan náà abí 225/45R17. Ẹ má ra táyà tó ti pẹ́ nílẹ̀ o. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà lẹ́yìn DOT, tẹ́ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ní 2019 ni wọ́n ṣe é, tó bá ti gbó, ojú ẹ̀ lè tutù àmọ́ rọ́bà ẹ̀ ti le, òjò kan báyìí á fi yín hàn. Tó bá sì jẹ́ rim lẹ fẹ́ pààrọ̀, 5x100 ni ihò bóòtù ẹ̀, ìyẹn ihò márùn-ún lórí òbìrí tó fẹ̀ tó 100 mm, ihò àárín jẹ́ 56.1 mm, nítorí náà rim Corolla 2003 sí 2008 tẹ́ẹ máa rí níta tó jẹ́ 5x100 náà ò ní wọlé, torí 54.1 ni ihò àárín tiẹ̀.

Wàyí o, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì ló ń gbé mọ́tò, ṣọ́ọ̀kì ló ń kó sípíríǹgì níjàánu kó má baà máa jó. Tẹ́ẹ bá fi sípíríǹgì tó le tó sì kúrú sórí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ tó ti rẹ̀, mọ́tò á máa fò lórí títì tí ò dán, táyà tó bá sì wà lókè ò lè di nǹkan kan mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ẹ rà wọ́n pọ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kí gíga ẹ̀ wà bó ṣe wà, irú Bilstein B6 ni kẹ́ẹ wá, tẹ́ẹ bá sì fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, B8 ni wọ́n ṣe fún sípíríǹgì kúkúrú. Coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí wọ́n jọ wà pọ̀ tẹ́ẹ lè yí gíga ẹ̀, dáa, àmọ́ èyí tó bá pọ́ọ̀kú lọ́jà, ẹ yàgò fún un, ẹ kúkú fi owó yẹn ra táyà. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ẹ jẹ́ kóun gé sípíríǹgì kù abí kóun fi iná sun ún kó lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ yín kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Báwo la ṣe máa rẹ̀ ẹ́ tó? Fún ojú títì wa, ínǹṣì kan, ìyẹn bíi 25 mm, ó ti tó, kẹ́ẹ má kọjá ẹ̀. Àyè tó wà lábẹ́ ẹ̀ látilẹ̀ ò ju bíi ínǹṣì márùn-ún lọ, ẹ sì mọ bí bọ́ǹpù ẹ́síteètì ṣe rí. Àmọ́ ìdí tó jù wà nínú strut iwájú tí mo ní kẹ́ẹ fi sọ́kàn. Tẹ́ẹ bá rẹ mọ́tò sílẹ̀ jù, ìdí lọ́wà ààmù tó wà lára bọ́dì á lọ sílẹ̀ ju ẹnu ẹ̀ tó wà lára táyà lọ. Látibẹ̀ lọ, bí mọ́tò bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà, orí táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í tì síta, èjìká ẹ̀ kan ṣoṣo ni á máa jẹ títì, mọ́tò gan-an á tún fẹ́ máa fì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yin á wá máa ra sípíríǹgì tó tún le sí i láti fi wo àrùn tẹ́ẹ fọwọ́ ara yín kó. Ṣọ́ọ̀kì náà ò ní ní àyè mọ́, á máa jókòó lórí rọ́bà kékeré tó wà lára ọ̀pá ẹ̀, tó bá sì jókòó síbẹ̀ láàárín kọ́nà, táyà á yọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Tó bá di ọjọ́ iṣẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí bóòtù méjèèjì tó di strut mọ́ nọ́kù wà, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kọ bọ́ọ̀dù ni mo ń wí, kí alignment má baà sọ nù pátápátá nígbà tẹ́ẹ bá dá a padà. Ẹ tú bíréèkì họ́ọ̀sì àti wáyà ABS kúrò lára strut, ẹ tú linkage, ẹ gbé jáàkì kékeré sábẹ́ nọ́kù kó má baà fi bíréèkì họ́ọ̀sì rọ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ máa tú, ẹ má fọwọ́ kan ńlá tó wà láàárín wọn o! Sípíríǹgì tó wà ní fífún pọ̀ ni nọ́ọ̀tì yẹn dì mú, tẹ́ẹ bá tú u láìlo irin tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì, ó lè pààyàn. Ti ẹ̀yìn rọrùn, inú búùtù lẹ máa ti rí nọ́ọ̀tì òkè ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ṣí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́.

Ibi tí mẹkáníìkì púpọ̀ ti ń kù díẹ̀ káàtó rèé. Rọ́bà inú búṣìn lọ́wà ààmù lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀, kì í yí lọ yí bọ̀, ṣe ló máa ń lọ́. Tí wọ́n bá fún bóòtù ẹ̀ pa nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lófuurufú, ní kété tí mọ́tò bá ti balẹ̀, rọ́bà yẹn ti lọ́ nìyẹn, á wà bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án lóru títí á fi ya, mọ́tò ò sì ní jókòó sí gíga tó yẹ kó wà. Torí náà ẹ kàn fọwọ́ dì í ná, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí ráàmpù kó fi gbogbo ara ẹ̀ jókòó, kẹ́ẹ tó wá fi tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, sípánà tó ń wọn agbára tẹ́ẹ fi ń fún nǹkan, fún un pa. Nọ́ọ̀tì táyà, 120 Nm ni.

Iwájú mọ́tò yìí ò ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe káńbà láti ilé iṣẹ́, tóò nìkan ni, ìyẹn bóyá imú táyà kọjú sínú abí síta. Ẹ ra bóòtù káńbà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi rọ́pò ọ̀kan nínú méjì tó di strut mú, á fún yín ní bíi digirì kan sí ọ̀kan ààbọ̀. Mo fẹ́ràn kí káńbà iwájú wà láàárín -1.5 sí -2.0 digirì, ìyẹn kí orí táyà tẹ̀ sínú díẹ̀, kí tóò iwájú jẹ́ òdo, kí ẹ̀yìn wà ní bíi -1.5 kí tóò ẹ̀ sì wọnú díẹ̀ kíún, bíi 0.1 digirì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìdí mọ́tò fọkàn balẹ̀ nígbà òjò. Ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan kí sípíríǹgì jókòó kẹ́ẹ tó lọ ṣe alignment yìí, ẹ sì ní kí wọ́n bá yín tún iná iwájú wò torí ó ti sọ̀ kalẹ̀.

Sway bar, irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì kí mọ́tò má baà fì jù, ni kẹ́ẹ fi kẹ́yìn, ó lè má tiẹ̀ pọn dandan. Tí orí mọ́tò ò bá fẹ́ wọlé sí kọ́nà, tó ń fẹ́ máa lọ tààrà, ti ẹ̀yìn tó nípọn díẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ìdí ẹ̀ ló ń yọ síta, ti iwájú ni kẹ́ẹ wò. Ẹ má fi ti ẹ̀yìn tó nípọn jù sí i, torí táyà ẹ̀yìn tinú á fúyẹ́ nílẹ̀ nínú kọ́nà, àwọn táyà ẹ̀yìn yẹn náà ló ń ti mọ́tò. Ẹ pààrọ̀ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ wà á níbi tí èrò ò sí, kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn.