Ìdí tí Excel fi ń kun ẹni tó ti sanwó ní pupa: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń lo Conditional Formatting inú Excel, ìyẹn ibi tí a ti ń kọ òfin tó ń kun àpótí ní àwọ̀, láti fi iye tó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ san wé iye tó wọ báńkì, kí ìlà ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pé lè di pupa. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi ní ìparí oṣooṣù, mo sì ti dáhùn rẹ̀ lórí fóònù títí ó fi sú mi. Nínú àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí, orúkọ wà ní òpó A, iye tó yẹ wà ní òpó B, iye tí báńkì kọ wà ní òpó C, ìlà kejì sì ni orúkọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo kọ fọ́múlà, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ kankan.

Ìdáhùn: Ẹ kò yan àwọ̀. Ẹ padà sínú òfin náà, kí ẹ tẹ Format.

Ìbéèrè: Ẹni tó jẹ gbèsè kọ́ ló di pupa, ẹni tó tẹ̀ lé e ni.

Ìdáhùn: Àpótí tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan nǹkan ni Excel fi ń ka fọ́múlà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti A2 lọ dé C80, =$B2<>$C2 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe =$B1<>$C1. Àmì tó wà láàárín B àti C yẹn túmọ̀ sí pé wọn kò dọ́gba. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa yàn án, nítorí bí ẹ bá fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìlà 80 ni Excel yóò fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Odindi ìlà ẹni náà ni mo fẹ́ kó pupa, àmọ́ àwọ̀ náà kàn ń hàn káàkiri.

Ìdáhùn: Ẹ fi àmì dọ́là síwájú lẹ́tà òpó. Bí kò bá sí níbẹ̀, nígbà tí Excel bá dé òpó B, òpó C àti òpó D ni yóò máa fi wéra.

Ìbéèrè: Òfin kan ṣoṣo ni mo kọ, mo wá bá púpọ̀ níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ ti ń da àpótí kọ láti ibì kan sí ibòmíràn, òfin sì ń bá a lọ. Ẹ wọ Manage Rules, ẹ yan This Worksheet, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún ẹyọ kan kọ. Láti ìsinsìnyí lọ, Paste Values, tó ń gbé iye nìkan láìgbé òfin, ni kí ẹ máa lò.

Ìbéèrè: Èlé tí a pín fún ọmọ ẹgbẹ́ bá ti báńkì mu lójú, síbẹ̀ ó pupa.

Ìdáhùn: Bí ẹ bá pín 4,000 sí ọ̀nà mẹ́ta, 1,333.33 ni ẹ ń rí, ṣùgbọ́n ìdá tó kù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àpótí. Kí Excel lè fi ẹyọ méjì péré lẹ́yìn àmì ìdá wéra, ẹ kọ =ROUND($B2,2)<>ROUND($C2,2).

Ìbéèrè: Kò sí ìdá kankan ní tèmi. 15,000 ló wà níhìn-ín, 15,000 ló wà lọ́hùn-ún, gbogbo wọn sì pupa.

Ìdáhùn: Èyí ni mo bá jìjàkadì fún òru méjì gbáko. Mo da àkọsílẹ̀ owó láti ojú ewé báńkì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú ìwé ẹgbẹ́ tí mo ń bá ṣe ìṣirò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 64 sì di pupa lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tún fọ́múlà kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn iye òpó B fara ti apá ọ̀tún àpótí wọn, ṣùgbọ́n ti òpó C fara ti apá òsì. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọ̀rọ̀ ni Excel ka ti òpó C sí, ọ̀rọ̀ kò sì lè dọ́gba pẹ̀lú nọ́ńbà láé.

Mo wá àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ewé tí ó máa ń wà ní igun àpótí bẹ́ẹ̀, n kò rí i. Mo lo VALUE, tó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, àmì àṣìṣe #VALUE! ló dá padà fún mi. Mo lo TRIM láti gé àlàfo kúrò, nǹkan kan kò yí padà. Nígbà tí mo fi ọwọ́ tẹ iye ẹnì kan, pupa rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé fọ́múlà kò ṣẹ̀. Mo wá fẹ́ tẹ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi tẹ 1,500 fún ẹni tó san 15,000, mo sì dáwọ́ dúró.

Ní òru kejì ni mo kọ =LEN(C2), tó ń ka iye àmì tó wà nínú àpótí. Àmì mẹ́fà ló wà nínú 15,000, kọ́mà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n 7 ni Excel kà. Mo kọ =CODE(RIGHT(C2,1)), tó ń sọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ àmì ìkẹyìn, ó sì dáhùn pé 160. Àlàfo lásán tí a ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, 32 ni nọ́ńbà rẹ̀, òun nìkan sì ni TRIM ń gé. 160 ni àlàfo tí àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì máa ń lò kí ìlà má baà já níbẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Mo kọ =VALUE(SUBSTITUTE(C2,CHAR(160),"")) sí òpó D láti yọ àlàfo yẹn kúrò, mo fà á dé ìsàlẹ̀, mo sì yí òfin náà padà sí =$B2<>$D2. Àwọn mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù tí wọ́n pupa. Ìyá aládìrẹ kan tí a ti fẹ́ kọ ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí kò sí lára wọn. Ó ti san owó rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù.

Ẹ kíyè sí ibi tó léwu jù. Ká ní =$C2<$B2, ìyẹn pé iye C kéré sí iye B, ni mo kọ, ẹnikẹ́ni kì bá tí pupa, nítorí Excel máa ń ka ọ̀rọ̀ sí ohun tó tóbi ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ. À bá sọ pé gbogbo ènìyàn ti sanwó.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣe àtúnṣe yìí lórí àkọsílẹ̀ báńkì fúnra rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ fi ti báńkì sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí òun ni ayẹ̀wé-owó-wò yóò béèrè. Bí ẹ bá sì ti ṣe gbogbo èyí tí pupa kò lọ, ẹ gbé fáìlì náà lọ bá ẹni tó mọ Excel dáadáa kí ẹ tó ka orúkọ onígbèsè kankan sí etí ìpàdé.