Sáàkúìtì tó ń ṣọ́ iná fíríìjì: kí ló dé tí àkókò ẹ̀ ò dúró sójú kan?

Ìbéèrè: Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe sáàkúìtì kan fún fíríìjì màmá mi, wọ́n ń ta píọ̀ wọ́tà ní Lagere nÍfẹ̀ níbí. Bí voltage bá já wá sísàlẹ̀ 180, kó pa fíríìjì, bó bá dáa padà kó ṣì dúró fún ìṣẹ́jú 3 kó tó tàn án, torí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti jó mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Ṣíìpù LM393 ló ń wo voltage, ṣíìpù NE555 ló ń ka àkókò: resistor 165k ló ń dín iná kù bó ṣe ń wọ inú capacitor 1000µF tó ń gbà á pamọ́, bí ìyẹn bá kún dé ìwọ̀n kan, àkókò pé nìyẹn. Ìṣirò fún mi ní nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 181, àmọ́ tí mo bá fi fóònù wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ńdì 40 ló máa ń jẹ́, nígbà míì ó lé ní ìṣẹ́jú 7, lánàá iná kàn ṣẹ́jú fírí, sẹ́kọ́ńdì 40 péré ló fi tàn án. Ṣé fèèkì ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: 555 kọ́ o àbúrò, má tíì jù ú nù. Ti 3:40 yẹn ò le. 1000 ni wọ́n kọ sára capacitor ẹ lóòótọ́, àmọ́ irú ẹ̀ lè fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí kó fi dín, tó bá jẹ́ 1200 ló wà nínú ẹ̀ gan-an ó ti di sẹ́kọ́ńdì 218 nìyẹn, ó sì tún máa ń jò, èyí tó ń jò kì í tètè kún.

Ti sẹ́kọ́ńdì 40 ló yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù, torí òun ló máa jó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Iná lọ, iná dé kíá, capacitor ò tíì gbẹ, àárín ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Fi diode 1N4007, tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí iná gbà, dábùú resistor yẹn, kí ìdí tó ní ìlà kọjú sí pọ́sítíìfù, kí iná inú capacitor lè ráyè jáde bí 12 volt tó ń gbé sáàkúìtì bá ti lọ. Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa, òṣómàáló ni, kò ní dìde níbẹ̀ àfi tó bá gbà á tán, bóyá kó fi nǹkan bíi 0.6 volt jìn ín.

Ìbéèrè: Èyí tó ń lé ní 7 ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìlọ́po méjì 3:40 ni, ìwọ náà wò ó. Ṣé o ò gbọ́ kí relay, ìyẹn swíìṣì tó ń tan fíríìjì tó sì ń pa á, dún "kà" láàárín?

Ìbéèrè: Háà, ó dún o! Mo ṣebí fíríìjì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń gbéra máa ń fa iná gan-an, voltage tó wà ní 185 á já sí 175 lójijì, relay á pa, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ibi tó ti ń pa àti ibi tó ti ń gbà á padà ò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà: kó pa ní 180, kó má gbà á àfi tó bá tó 195. Resistor kan láti ẹnu LM393 padà sí ẹsẹ̀ + ẹ̀ ló ń ṣe é, fi 1M bẹ̀rẹ̀. Kó sì fún un ní bíi sẹ́kọ́ńdì 1 kó tó pa.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè pa 1000µF yẹn tì?

Ìdáhùn: Èmi ò tiẹ̀ ní lò ó. CD4060, ṣíìpù tó ní aago tiẹ̀ nínú tó sì ń kà á, ni kó o rà, 100k lẹ́sẹ̀ 10, 100nF lẹ́sẹ̀ 9, 1M lẹ́sẹ̀ 11, kó o so ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó máa ka 8192 kí ẹsẹ̀ 3 tó gbéra, ìyẹn bíi sẹ́kọ́ńdì 188, bí iná bá sì ti burú, ẹsẹ̀ 12 ni kó o fi dá a padà sí òdo. Bátìrì 12 volt ni kó o fi dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó o kọ ọ́ sílẹ̀, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú. Breadboard, pátákó tá a fi ń to sáàkúìtì dánwò, ò gbọdọ̀ fojú kan iná 220 volt o.