Àbàwọ́n tó gan mọ́ ojú smartwatch

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará Kàbà àti Ìsánlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ọṣẹ ìfọyín ha ojú smartwatch. Ohun kíkúnná tó ń fọ eyín mọ́ náà ló ń ha gíláàsì. Ẹ pa aago, ẹ yọ ọ́ lórí ṣájà, ẹ tú okùn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò kí aṣọ tó kàn án. Tó bá jẹ́ epo pupa tàbí ìpara ló gan, ẹ kán isopropyl alcohol 70% (irú sípírítì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn) bíi ẹ̀kán méjì sórí aṣọ tí wọ́n fi ń nu ìgò ojú, kì í ṣe sórí aago. Ẹ gbé e lé àbàwọ́n náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kẹ́ ẹ tó nù ún. Kó má kan okùn aláwọ o! Ẹ má sì ṣe é lójoojúmọ́, ó ń jẹ ohun tí wọ́n fi bo gíláàsì kí ọ̀rá ìka má lẹ̀ mọ́ ọn.