Bí a ṣe ń pèsè Audacity sílẹ̀ de onílù

Ọ̀fẹ́ ni Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè rí kóòdù rẹ̀, ó sì ti wà láti ọdún 2000. Síbẹ̀, àyàn tó ń fi ìyá ìlù sọ̀rọ̀ kálẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ lè wò ó lẹ́ẹ̀kan kó ní òun ò ṣe mọ́. Bọ́tìnnì ló pọ̀ jù. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni kó ti parí wàhálà yẹn kí onílù tó dé.

Ẹ ṣí Audacity 3, kí ẹ fi máìkì sí mono, ìyẹn ohùn ẹyọ kan. Bí ẹ bá fi máìkì kan ṣoṣo sí stereo, ìyẹn ohùn òsì àti ọ̀tún, etí òsì nìkan ni ìlù lè máa ti dún. Ẹ wá ṣí mono track mẹ́ta, ìyẹn ìlà tí ohùn ìlù kọ̀ọ̀kan máa wọ̀, ẹ sọ wọ́n ní GÚDÚGÚDÚ, ÌṢÁÁJÚ àti ÌYÁ ÌLÙ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní òfìfo. Ẹ̀dà rẹ̀ lẹ ó máa ṣí lọ́jọ́ iṣẹ́.

Ẹ lẹ bébà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ìlà mẹ́ta péré:
R: gbà á sílẹ̀.
Bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀: dá a dúró, tàbí gbọ́ ọ.
Ctrl+Z: pa èyí tó bàjẹ́ rẹ́.

Kí onílù kọ́kọ́ tẹ orúkọ ìlù rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kó tó tẹ R. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù lè lọ so mọ́ ìdí ìlù ẹlòmíràn.

Ẹ ní kó lù ú bó ṣe ń lù ú lóde ìnáwó gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ dán an wò. Kí òṣùwọ̀n ohùn tó wà lójú kọ̀ǹpútà má kọjá -6 dB (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì). Bó bá kan 0, ohùn á fọ́.

Kí wọ́n jọ lù ú pọ̀ ló dáa jù. Bí máìkì kò bá tó, gúdúgúdú ni kó ṣáájú, òun ló ń di ìlù mú. Kí ìyá ìlù kẹ́yìn, pẹ̀lú hẹ́dífóònù tó bo etí, kó lè máa gbọ́ èyí tí ẹ ti gbà sílẹ̀. Bí ìlù tí ẹ gbà tẹ̀ lé e bá ń pẹ́ dún sí ti àkọ́kọ́, ẹ má bá onílù wí, kọ̀ǹpútà ni. Ẹ fi Rhythm Track, tó wà lábẹ́ Generate, ṣe ìró, ẹ di hẹ́dífóònù mọ́ ẹnu máìkì, ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ìró yẹn àti èyí tí máìkì gbà. Nínú Preferences, Latency compensation, tó ń tún ìpẹ́ yẹn ṣe, wà ní -130 mílísẹ́kọ́ńdù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìró bá ṣì pẹ́ ní 40 mílísẹ́kọ́ńdù, ẹ sọ ọ́ di -170.

Ẹ ṣọ́ra fún Noise Reduction, irinṣẹ́ tó ń dín ariwo kù. Bí ẹ bá fi pa ariwo jẹnẹrétọ̀ jù, ṣaworo ló kọ́kọ́ ń bá a lọ, ìyókù á wá máa dún bíi pé wọ́n lù ú nínú omi. Ẹ má jẹ́ kó ju 6 dB lọ. Ẹ kúkú gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, tàbí kí ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́. Lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, àárọ̀ kùtùkùtù ló dáa.

Kí onílù tó lọ, ẹ fi Export sọ ọ́ di MP3 kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Fáìlì .aup3, tí Audacity fi ń tọ́jú iṣẹ́, kò ní dún lórí fóònù rẹ̀.